Dáínà àtijọ́ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ rà, tí mo fẹ́ gbé kúrò níbi tó wà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Alásè Providence

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Providence ni mò ń gbé, iṣẹ́ oúnjẹ sísè ni mò ń ṣe, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń wá ojúkò tèmi. Dáínà àtijọ́ kan, ìyẹn ilé oúnjẹ tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ síbi tó máa jókòó sí, wà lẹ́yìn gáréèjì ọkùnrin kan ní Massachusetts, irú èyí tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bíi kóòṣì rélùwéè, tí káńtà lọ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà fẹ́ kó kúrò lórí ilẹ̀ òun kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, iye tó sì ń pè kò ga rárá.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni kí n gbé e wá sí Rhode Island, kí n tún un ṣe bó ṣe wà nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, kí n wá máa ta ẹyin díndín àti kọfí láàárọ̀, kó di ìrẹsì, ẹ̀wà àti dòdò lọ́sàn-án. Ìlú tí mò ń gbé yìí ni Walter Scott ti gbé kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà jáde lọ́dún 1872, tó ń ta oúnjẹ alẹ́ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìwé ìròyìn. Ibẹ̀ ni dáínà ti ṣẹ̀ wá. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí i pé wọ́n ń fọ́ wọn tà ní irin. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá irú iṣẹ́ yìí pàdé, kí ni kí n kọ́kọ́ wò? Kí ni kí n bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín?

Bàbá Tírélà (New Jersey)

Àbúrò mi, kú ìmúra. Ẹrù ńláńlá tó ń béèrè ìwé àṣẹ ni mò ń fi tírélà gbé. Mo ti gbé ilé onípákó, mo ti gbé dáínà pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú lẹ́nu mi rèé: má san owó dáínà títí wàá fi ní ilẹ̀ tí yóò jókòó sí. Ilẹ̀ tí kánsù ti gbà pé kí ilé oúnjẹ wà lórí rẹ̀ ni mò ń sọ, tí omi, gáàsì, iná àti páìpù ìdọ̀tí ti dé, tí ìpìlẹ̀ sì ti wà níbẹ̀. Dáínà tó bá dé kí ilẹ̀ rẹ̀ tó ṣe tán yóò lọ dúró sí ọgbà ẹlòmíràn, owó ọgbà á máa gorí ara wọn, òjò á máa wọ̀ ọ́ lára. Inú ọgbà bẹ́ẹ̀ ni mo ti rí wọn tí wọ́n ń kú. Ojú títì kì í pa wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Gbọ́ ti Moondance Diner. Apá SoHo ní Manhattan ló wà láti bí ọdún 1933. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ ilé alájà, tọkọtaya kan rà á ní $7,500 lọ́dún 2007, wọ́n gbé e lọ sí LaBarge ní ìpínlẹ̀ Wyoming, ìrìn tó ju 2,000 máìlì lọ. Ó gúnlẹ̀ láyọ̀. Àmọ́ òrùlé rẹ̀ kò lè gba yìnyín Wyoming, ó wó kí wọ́n tó tún dáínà náà ṣe tán. Wọ́n tún òrùlé kọ́, wọ́n ṣílẹ̀kùn lóṣù kìíní ọdún 2009; nígbà tó máa fi di 2012, ó ti kógbá wọlé. LaBarge kò ní tó 600 èèyàn. Ṣé o rí i pé owó tí wọ́n fi ra dáínà gan-an ló kéré jù nínú ọ̀rọ̀ náà? Ilẹ̀, ojú ọjọ́ àti iye ẹnu tó wà nítòsí ló pinnu ohun gbogbo.

Ní ti ìrìn, wọ̀n ọ́n kí o tó pe awakọ̀ kankan: gígùn, ìbú, àti gíga láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé ohun tó yọ sókè jù lórí òrùlé. Ẹrù tó bá fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 8 àti ààbọ̀ lọ ti di èyí tó ń béèrè àṣẹ pàtàkì, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń fúnni ní tirẹ̀, nítorí náà wàá gba ti Massachusetts, wàá gba ti Rhode Island. Gíga tí wọ́n gbà láàyè lápá ọ̀dọ̀ wa níbí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 13 àti ààbọ̀, tírélà àti ẹrù orí rẹ̀ lápapọ̀. Bó bá ga ju ìyẹn lọ, wọ́n á ní láti máa gbé wáyà iná àti ti tẹlifóònù sókè lójú ọ̀nà, ilé iṣẹ́ tó ni wáyà kọ̀ọ̀kan á sì gba owó tirẹ̀. Bèèrè ẹni tó máa san ìyẹn, ẹni tó máa san ti ọlọ́pàá, ẹni tó máa san ti ọkọ̀ tó ń ṣáájú. Kí awakọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Èyí tí kò bá sí nínú ìwé, ìwọ lo máa san án.

Kí o sì fi mọ́tò tìrẹ gba ọ̀nà náà fúnra rẹ, kí o máa wo bíríìjì. Cheyenne Diner tó wà ní Manhattan ti ilẹ̀kùn lọ́dún 2008, wọ́n fẹ́ gbé e sọdá odò lọ sí Red Hook ní Brooklyn, ibi tí kò jìnnà rárá. Ìnáwó sísọdá odò yẹn ló borí wọn. Alabama ni ó padà bá lọ.

Ọmọ Káfíńtà (Worcester)

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ẹ sọ yẹn, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Èmi á sọ̀rọ̀ nípa ara dáínà, torí òun ni mò ń fi jẹun.

Alásè, ẹ kọ́kọ́ wá nọ́ńbà rẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún un. Ní ìlú mi níbí ni ilé iṣẹ́ Worcester Lunch Car wà láti 1906 di 1957. Dáínà 651 ni wọ́n ṣe, láti orí nọ́ńbà 200 títí dé 850. Bí nọ́ńbà bá ti bọ́ sí yín lọ́wọ́, ọdún tí wọ́n ṣe é àti ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ kò ní nira láti wá. Bó bá jẹ́ Silk City, tí wọ́n ń ṣe ní Paterson ní New Jersey, ọdún ló wà níwájú nọ́ńbà: èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 47, ti ọdún 1947 ni, ìyókù ni ipò rẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe lọ́dún náà. Ẹ mọ ẹni tó ṣe é kí ẹ tó dúnàádúrà, torí òun ló máa sọ ohun tó wà lábẹ́ páànù fún yín. Ti Worcester, igi óákù ni egungun rẹ̀, páànù tánganran sì ni awọ òde.

Páànù yẹn, irin ni, wọ́n fi gíláàsì yíyọ́ bò ó nínú iná ìléru bí wọ́n ti ń ṣe abọ́ tánganran àwọn ìyá wa. Lẹ́tà orúkọ ti jóná mọ́ ọn lára. Ibi tó bá ti ta, ìpẹtà á gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yanrìn fẹ́ ẹ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ ha á. Kò sí ọ̀dà tó lè dá dídán yẹn padà. Ọṣẹ lásán, omi lílọ́wọ́ọ́ àti àkísà rírọ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ wá fi wáàsì mọ́tò pa á. Ojú ibi tó ta, ẹ nu ìpẹtà rẹ̀ kúrò pẹ̀lẹ́, ẹ fi ọ̀dà epoxy dí i. Ní ti sitéènlẹ́ẹ̀sì inú ilé, ẹ má fi kànrìnkàn onírin kàn án. Lẹ́búlẹ́bú irin tó máa ń fi sílẹ̀ ló máa dógùn-ún, ẹ ó wá rò pé sitéènlẹ́ẹ̀sì ló ń bàjẹ́. Bí ìlà ara rẹ̀ bá ṣe lọ ni kí ẹ máa nù ún, ẹ má yí ọwọ́ po lórí rẹ̀.

Bí ẹ bá padà lọ síbẹ̀, ẹ mú súkúrúdíráfà dání, ẹ wọ aṣọ tí ẹ kò ní kábàámọ̀, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ máa gún igi ìsàlẹ̀ tó yí i ká: abẹ́ ẹnu ọ̀nà, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti ọ̀gangan ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, torí omi ibẹ̀ kì í dá. Ibi tí irin bá ti wọlé láìjanpata, igi ibẹ̀ ti lọ. Ìyẹn ò ní kí ẹ sá o. A máa ń gé apá tó jẹrà kúrò, a ó fi óákù tuntun rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ṣáájú gbígbé, torí igi yẹn ni gbogbo ẹrù máa gùn lé nígbà tí jáàkì bá gbé e kúrò nílẹ̀.

Táìlì wẹ́wẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Bí igun kan bá gbéra ṣáájú ìkejì, ó lè sán láti ẹsẹ̀ káńtà dé ẹnu ọ̀nà. Irin gbọọrọ ni kí wọ́n kì bọ abẹ́ rẹ̀ já sódìkejì, kí gbogbo jáàkì sì jọ máa gbéra díẹ̀díẹ̀. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi tépù wọn ojú ilẹ̀kùn láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀, lápá méjèèjì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé e sórí tírélà, ẹ tún un wọ̀n. Bí iye yẹn bá ti yí padà, ó ń lọ́ nìyẹn, ẹ ní kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Ọ̀dà tó bá ti ṣáájú 1978, ẹ kà á sí ọ̀dà olójé. Páìpù tí wọ́n fi nǹkan funfun wé, asbestos, ohun olókùn tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, lè wà nínú ohun tí wọ́n wé e. Ẹ má fọwọ́ ya á. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ ni kó wò ó, kí ẹ sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ọkùnrin yẹn ń pè.

Alásè Providence

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Tánganran ni ara òde rẹ̀, mo fọwọ́ kàn án. Ohun tí kò yé mi ni ẹ̀yìn rẹ̀: ògiri ti ṣí sílẹ̀ gbayawu lápá kan, tapólì ni wọ́n fi bò ó. Ẹni tó ni ín sọ pé ilé ìdáná wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣé ohun tó kù kò wá pé ni?

Ọmọ Káfíńtà (Worcester)

Ó pé. Iwájú àwọn oníbàárà, lẹ́yìn káńtà, ni wọ́n ti ń dín nǹkan nígbà tó jáde nílé iṣẹ́. Nígbà tó yá làwọn olówó rẹ̀ ń so ilé ìdáná, ilé ìtura àti yàrá ẹran tútù mọ́ ọn lẹ́yìn. Irú àfikún bẹ́ẹ̀ kì í bá dáínà rìn, ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí ló ń kú sí. Ẹ̀yin náà á kọ́ tiyín. Ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kí ẹ kó gbogbo ohun tí òfin òde òní ń béèrè sí, kí ẹ má bàa gé ara àtijọ́ sí wẹ́wẹ́.

Tapólì yẹn, bó bá jẹ́ pé wọ́n fi ọ̀rá dì í pinpin, ẹ bẹ ọkùnrin náà kó tú u díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òógùn tó há sínú ń jẹ igi ju òjò lọ.

Ìyá Maryland

Ọmọ mi, Olúwa á tì ọ́ lẹ́yìn. Ní Silver Spring tó wà nítòsí wa níbí, dáínà kan wà tí wọ́n ń pè ní Tastee Diner, ti ọdún 1946. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ńlá kan fẹ́ ilẹ̀ tó wà ní Georgia Avenue, wọ́n gbé ara àtijọ́ rẹ̀ lọ sí Cameron Street lọ́dún 2000. Kò jìnnà, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn ín. Wọ́n wá kọ́ ilé tuntun mọ́ ọn kí ìjókòó lè pọ̀. Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí di 2023. Ohun tó mú un pẹ́ lójú tèmi ni pé àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì lè dé ibẹ̀. Nígbà tí o bá ń wá ilẹ̀, lọ dúró síbẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Wo ẹni tó ń kọjá. Bóo bá rí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti iṣẹ́ òru, àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì, àwọn kọ́lékọ́lé, ilẹ̀ nìyẹn.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, wá wolé-wolé lọ kí o tó náwó. Gbé àwòrán ilé náà lọ bá wọn ní ọ́fíìsì ìlera àti lọ́dọ̀ àwọn panápaná. Wọ́n á bi ọ́ léèrè ibi ìfọbọ́ alábọ́ọ̀ mẹ́ta, ẹ̀rọ tó ń fa èéfín tó sì lè paná fúnra rẹ̀, àti kòtò tó ń gba ọ̀rá kí omi ìdọ̀tí tó bọ́ sí páìpù ìlú. Ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ gba kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara: 32 íǹṣì, ó kéré tán, bí ilẹ̀kùn bá ṣí tán. Dáínà àtijọ́ kì í sábà fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òfin gba ti ilé ìtàn rò níwọ̀nba, nítorí náà bi wọ́n bóyá o lè gbé ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sí ara tuntun tó o máa kọ́ sẹ́yìn, kí ilẹ̀kùn iwájú lè wà bó ṣe wà.

Ìrẹsì àti dòdò tó o fẹ́ máa tà yẹn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ jiyàn lé e lórí. Àwọn Gíríìkì tó ṣí wá sí orílẹ̀-èdè yìí ló ni ọ̀pọ̀ dáínà ní New York àti New Jersey fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì fi oúnjẹ ilé wọn sínú ìwé oúnjẹ. Ẹni tó bá ń jí sè kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ni dáínà.

Ará Michigan

Mo kí gbogbo yín. Ohun kan ni mo fẹ́ kí Alásè tún rò, ìyẹn ni pé ó fẹ́ tún un ṣe bó ṣe wà nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Ọ̀dọ̀ wa níbí, ní musíọ́mù The Henry Ford ní Dearborn, wọ́n ní Lamy's Diner, iṣẹ́ Worcester ti ọdún 1946. Marlborough ní Massachusetts ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ sí. Musíọ́mù rà á lọ́dún 1984, wọ́n dá a padà sí bó ṣe rí ní 1946. Ó lẹ́wà, ó wú mi lórí. Kẹ̀kẹ́ oúnjẹ Owl tí Henry Ford fúnra rẹ̀ rà lọ́dún 1927 náà wà níbẹ̀, torí pé ó ti jẹun nídìí rẹ̀ ní Detroit nígbà tí kò tíì di olówó. Ṣùgbọ́n musíọ́mù ní owó, ó ní òǹwòran, ó sì ní ẹni tó ń wá fọ́tò àtijọ́ fún un.

Rosie's Diner kò ní irú ìyẹn. Little Ferry ní New Jersey ló wà, ó gbajúmọ̀ nínú ìpolówó tẹlifíṣọ̀n, wọ́n gbé e wá sẹ́bàá Rockford ní ìpínlẹ̀ wa lọ́dún 1990. Ó ṣe dáadáa fún nǹkan bí ogún ọdún, ó ti ilẹ̀kùn lọ́dún 2011. Orúkọ ńlá nìkan kò tó láti fi san owó iná.

Nítorí náà, má tún gbogbo rẹ̀ ṣe tán kí o tó ṣílẹ̀kùn. Òrùlé, igi ìsàlẹ̀, iná àti páìpù ni kí o fi owó lé lórí. Ojú káńtà tí ìgúnpá àwọn èèyàn ti jẹ, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó jẹun níbẹ̀ ló ni àpá yẹn.

Ọmọ Káfíńtà (Worcester)

Mo gbà fún yín lórí káńtà. Bó bá jẹ́ mábù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún un lọ̀ rárá. Àmọ́ mi ò gbà lórí fèrèsé. Férémù igi tó ti jẹrà kò ṣeé dá dúró de ọdún tó ń bọ̀, ibẹ̀ ni omi ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ bá igi ìsàlẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀.

Akọ̀wé Àgbà

Alásè, lọ sí Pawtucket, ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ ni. Modern Diner tó wà níbẹ̀ jẹ́ irú dáínà tí wọ́n ń pè ní Sterling Streamliner, ó gé imú ṣóńṣó bí ọkọ̀ rélùwéè ayé ìgbà yẹn. Òun ni dáínà àkọ́kọ́ tó wọ ìwé àkọsílẹ̀ ibi ìtàn ti ìjọba àpapọ̀, lọ́dún 1978. Wọ́n ti gbé òun náà kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀ ní Dexter Street lọ sí East Avenue, ó sì ń ta oúnjẹ. Jẹun níbẹ̀, kí o wo bí wọ́n ṣe so ilé ẹ̀yìn mọ́ ọn.

Mo ti ṣiṣẹ́ lórí ìwé irú nǹkan báyìí, mo sì fẹ́ kí o mọ èyí dájú. Bí dáínà tìrẹ bá ti wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ yẹn, tí o bá gbé e láìkọ́kọ́ gba ìfọwọ́sí, orúkọ rẹ̀ á bọ́ kúrò. Kí o tó gbé e ni kí o lọ sí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ibi ìtàn. Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé ìjọba àpapọ̀ máa ń dín owó orí kù fún ẹni tó bá tún ilé ìtàn ṣe fún òwò, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìnáwó tó bá yẹ. Àfi ilé tó bá wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ tàbí tó bá ní ìwé ẹ̀rí ló ń rí i gbà, gbígbé ilé kúrò lójú rẹ̀ sì lè sọ ọ́ di aláìyẹ. Ohun tó o bá fẹ́ yọ tàbí pààrọ̀, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn kí òòlù tó kan án. Má ka owó yẹn mọ́ owó ọwọ́ rẹ títí wọ́n á fi fọwọ́ sí i.

Ará Èkó ní London

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún ẹni tó bá ń ṣiyèméjì: dáínà New Jersey kan tí wọ́n ṣe láyé ogun àgbáyé kejì ti wọ ọkọ̀ òkun dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Spitalfields ló kọ́kọ́ wà, wọ́n tún gbé e lọ sí Trinity Buoy Wharf létí odò Thames. Láti Massachusetts dé Rhode Island, ó ṣeé ṣe.

Alásè Providence

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ kan wà lójú ọ̀nà bọ́ọ̀sì, nítòsí ọsibítù, tí mo máa lọ bá kánsù sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìṣòro mi ni pé ọkùnrin yẹn kò fẹ́ dúró títí ìwé kánsù á fi jáde, ó ní bí yìnyín bá dé, irin ni òun máa tà á. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Tírélà (New Jersey)

Fún un ní àsansílẹ̀ díẹ̀, kí lọ́yà kọ ìwé àdéhùn pé ó ti fi dáínà náà pa mọ́ fún ọ títí di ìgbà ìrúwé, àti pé bí kánsù bá kọ̀, owó rẹ á padà. Fi owó ìdúró lórí ilẹ̀ rẹ̀ lọ̀ ọ́ lóṣooṣù. Ẹni tó ń rí owó gbà kì í tètè pe oní-irin. Kí ìwé náà fún ọ láṣẹ láti wọ ibẹ̀ lọ ti òrùlé nígi látinú kí yìnyín tó dé. Ọmọ Káfíńtà, o wà nítòsí, ṣé o lè bá a débẹ̀?

Inṣọ́ránsì tún ń bẹ. Ti awakọ̀ lè má kárí iye tí dáínà náà jẹ́. Gba tìrẹ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí jáàkì bá kàn án títí tó fi jókòó sórí ìpìlẹ̀.

Ọmọ Káfíńtà (Worcester)

Mo lè débẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Alásè, ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí. Kí ẹ bá mi bèèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà bóyá ó ṣì ní àwọn ìjókòó káńtà àti ẹsẹ̀ irin wọn, torí wọ́n sábà máa ń tú wọn sínú àká. Òun náà ló yẹ kó wọ inú ìwé àdéhùn.